Páráṣúùtù kì í ṣe bẹ́líìtì o

Lóṣù tó kọjá, èmi àti àbúrò mi lọ fi páráṣúùtù, aṣọ bí agboòrùn tó ń gbéni sọ̀ kalẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́, fò láti inú bàálù, ní California níbí. Kò sí àga nínú bàálù ọ̀hún. Ilẹ̀ la jókòó sí, gbogbo wa kọ̀yìn sí awakọ̀, mo wà láàárín ẹsẹ̀ ọ̀gá tó fẹ́ gbé mi fò, bí ọmọ tí onídìrí fi orúnkún há. Ọ̀gá fa bẹ́líìtì kan láti ilẹ̀, ó tì í bọ inú okùn tí wọ́n dè mọ́ wa lára, ó fà á títí ó fi le.

Ọkùnrin kan lẹ́bàá ilẹ̀kùn kàn gbé bẹ́líìtì tiẹ̀ lé itan, kò dè é. Àbúrò mi bi í léèrè ìdí rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ṣebí páráṣúùtù wà lẹ́yìn mi."

Ẹ gbọ́, páráṣúùtù nílò àyè kó tó ṣí. Bí ẹ́ńjìnnì bá kú nígbà tí bàálù ò tíì ga ju orí ọ̀pẹ lọ, kí lẹ fẹ́ fi ṣe? Ẹrù lásán ló dà yẹn.

Ní Perris Valley, ní California yìí kan náà, lọ́jọ́ 22 oṣù kẹrin ọdún 1992, Twin Otter kan, bàálù kékeré tó ní ẹ́ńjìnnì méjì, ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéra ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kan kọṣẹ́ nítorí epo tó lábùlà. Èèyàn 22 ló wà nínú rẹ̀, 16 kú. Ọ̀kan nínú àwọn mẹ́fà tó yè, Dan Brodsky-Chenfeld, ọrùn rẹ̀ kán. (Ó tún padà lọ ń fò o! Èmi ò lè ṣe é.) Lẹ́yìn ìyẹn ni ọ̀pọ̀ pápá ìfò tó bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ pàtàkì mú bẹ́líìtì. Òfin Amẹ́ríkà náà sọ ọ́ kedere: bí bàálù bá ń rìn nílẹ̀, tó ń gbéra, tàbí tó ń balẹ̀, kí oníkálukú de bẹ́líìtì, ì báà jẹ́ ilẹ̀ ló jókòó sí.

Ohun tó bí mi nínú jù ni pé ẹni tí ò de tiẹ̀ ò dá ara rẹ̀ nìkan pa. Bí bàálù bá forí sọlẹ̀, àtòun àti ẹrù ẹ̀yìn rẹ̀, orí àwa tó sún mọ́ awakọ̀ ni yóò wá bá. Àwa ló fẹ́ fi ṣe tìmùtìmù.

Nígbà tí bàálù ga dé 1,500 ẹsẹ̀ bàtà, ọ̀gá tú bẹ́líìtì tiwa, ó sì ká a mọ́lẹ̀ kó má baà há mọ́ ẹnikẹ́ni lẹ́sẹ̀. Mi ò sọ nǹkan kan fún ọkùnrin yẹn. Àlejò ni mí, ẹ̀rù sì ń bà mí. Àmọ́ bí mo bá tún rí irú ẹ̀, màá ké sí awakọ̀ kó má tíì gbéra, kí wọ́n máa pè mí ní aláṣejù.