Ọ̀nà kan kò wọ ọjà

Nílùú Ìlọrin, ẹni tó ti Pàkátà bọ̀ àti ẹni tó ti Gàmbàrí bọ̀ lè pàdé ní Ọjà Ọba. Ìdí nìyẹn tí àwọn àgbà fi ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ṣùgbọ́n ẹni tí nǹkan dàrú mọ́ lọ́wọ́ la sábà máa ń fi òwe yìí tù nínú, bíi pé kó gbàgbé ti àná. Mi ò fara mọ́ ìyẹn. Ẹni tó yà gba ọ̀nà mìíràn kò da ẹrù orí rẹ̀ nù. Ẹrù yẹn gan-an ni yóò tà bó bá dọ́jà.

Ọmọ àbúrò mi kan wá bá mi lóṣù tó kọjá. Aṣọ́lé ni nínú háńdì-bọ́ọ̀lù. Ó ṣàdédé ga, wọ́n ní kó máa lọ gba bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n (basketball). Kwara Falcons wa yìí, ẹgbẹ́ tó ṣojú Nàìjíríà nínú BAL, ìdíje bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n ilẹ̀ Áfíríkà, lọ́dún 2023, ló ń wù ú. Àmọ́ omi ń bọ́ lójú rẹ̀. "Bàbá, mo ti pẹ́ jù. Ọdún mẹ́rin ni mo fi ṣòfò."

Mo ní kó jókòó, mo sọ̀rọ̀ Hakeem Ọlájuwọn fún un.

Èkó ni wọ́n bí Ọlájuwọn sí lọ́dún 1963. Aṣọ́lé ni òun náà nínú bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀, ó tún ń gba háńdì-bọ́ọ̀lù. Ó ti di ọ̀dọ́langba kó tó fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n. Síbẹ̀, nínú àwọn tí wọ́n yàn wọ NBA, líìgì bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n ti Amẹ́ríkà, lọ́dún 1984, òun ni wọ́n kọ́kọ́ mú, ṣáájú Michael Jordan. Houston Rockets ló mú un. Aṣọ́lé ló ń wo ojú ẹni tó fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù sílé, kó lè mọ ìgbà tí yóò fò. Nígbà tó fi máa fẹ̀yìn tì lọ́dún 2002, bọ́ọ̀lù 3,830 ló ti gbá dànù kó tó dé àwọ̀n, kò sì tíì sẹ́ni tó kọjá iye yẹn ní NBA. Ìyípo ẹsẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Dream Shake, tó fi ń da àwọn òmìrán rú, òun fúnra rẹ̀ sọ pé inú bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ lòun ti mú un wá.

Ẹ̀sìn Ìsìláàmù rẹ̀ náà, kò sọ̀ ọ́ kalẹ̀ lórí. Ní oṣù Kejì ọdún 1995, inú ààwẹ̀ Ramadan ló ti ń gba bọ́ọ̀lù, ẹni tó bá sì mọ bí ọ̀fun ṣe ń gbẹ ní Ìlọrin lásìkò Àsárì yóò mọ ohun tí mò ń wí. Òun ni wọ́n fi ṣe agbábọ́ọ̀lù tó ta yọ lóṣù náà. Rockets gba ife ẹ̀yẹ lọ́dún 1994, wọ́n tún gbà á lọ́dún 1995.

Lẹ́yìn tí Ọlájuwọn fẹ̀yìn tì, Kobe Bryant, gbajúgbajà agbábọ́ọ̀lù NBA tó ti gba ife tirẹ̀, lọ bá a ní Houston kó lè kọ́ òun ní ìrìn ẹsẹ̀ yẹn. LeBron James náà lọ. Ẹsẹ̀ tí ọmọ Èkó kan fi ń sáré lórí pápá nílé ni wọ́n lọ ń kọ́.

Ọmọ náà nu ojú rẹ̀. Ó bi mí pé, "Bàbá, ṣé kí n ṣì máa lọ bá wọn ṣọ́lé lọ́jọ́ Sátidé?"

Mo ní kó máa lọ, kó sì máa wo ojú ẹni tó fẹ́ jù dáadáa.