Ẹ̀rí Ìṣirò Kì í Ṣe Ohun Àkọ́sórí

Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ka ìṣirò ní yunifásítì ló gbà pé ẹni tó bá fẹ́ yege nínú ẹ̀rí, ìyẹn àlàyé ní ìlà-ìlà tó fi hàn pé gbólóhùn kan gbọ́dọ̀ jẹ́ òtítọ́, àfi kó há a sórí láti ìlà àkọ́kọ́ dé ìlà ìkẹyìn. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Ẹ wo ẹ̀rí tí wọ́n máa ń há sórí jù, pé kò sí ìdá kankan tó jẹ́ √2. Wéré ni wọ́n á kọ ọ́: ká ní √2 = p/q, tí a sì ti gé ìdá náà kúrú títí tí kò fi sí nọ́ńbà tó pín p àti q pọ̀ mọ́, àfi 1. A jẹ́ pé p² = 2q². 2 pín p² láìṣẹ́kù, torí náà ó pín p. Tí p bá jẹ́ 2r, q² = 2r², 2 tún pín q nìyẹn. Ó tako ohun tí a kọ́kọ́ sọ.

Ó dáa. Ẹ ní kí wọ́n fi 4 rọ́pò 2. Ẹni tó há a sórí á kọ ọ́ tán pé √4 kì í ṣe ìdá, bẹ́ẹ̀ 2 gan-an, ìyẹn 2/1, ni √4! Ibi tó ti bàjẹ́ kò ju ìlà kan lọ: “4 pín p², torí náà ó pín p.” Ẹ mú p = 2. 4 pín 4, kò pín 2. Ìlà yìí dúró fún 2 nítorí pé tí a bá fi 2 pín p tó ṣẹ́ku 1, p² náà á ṣẹ́ku 1. Orí ìlà yẹn ni gbogbo ẹ̀rí náà dúró lé, òun náà sì ni ẹni tó ń há nǹkan sórí kì í béèrè ìdí rẹ̀. Kí olùkọ́ fi ogún ìṣẹ́jú yẹ √4 wò sàn ju kó kọ ẹ̀rí márùn-ún mìíràn sójú bọ́ọ̀dù lọ.

Bí a ṣe ń ka ẹ̀rí nìyí: kọ ìdí ìlà kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, bóyá ìtumọ̀ ni, tàbí ohun tí a ti gbà tẹ́lẹ̀, tàbí ìlà tó ṣáájú. Èyí tí kò bá nídìí, fa ìlà yí i ká. Lọ́jọ́ kejì, pa ìwé dé, kó o tún un kọ.

Àṣìṣe mìíràn tó wọ́pọ̀ máa ń wà nínú ẹ̀rí gbólóhùn òtítọ́ yìí: “àròpọ̀ nọ́ńbà méjì tó ń ṣẹ́ku 1 tí a bá fi 2 pín wọn, 2 pín in láìṣẹ́kù.” Akẹ́kọ̀ọ́ á pe àwọn méjèèjì ní 2k+1. Irú 3+3 àti 5+5 nìkan nìyẹn kàn, kò kan 3+5. 2k+1 àti 2m+1 ló yẹ, kó lè di 2(k+m+1).

Ohun kan ṣoṣo tó yẹ ká mọ̀ lórí láìyẹ̀ ni ìtumọ̀, pẹ̀lú ètò ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. “Gbogbo ọmọ ló ní ìyá” yàtọ̀ sí “ìyá kan ló bí gbogbo ọmọ.” Bẹ́ẹ̀ náà ni, nínú ìtumọ̀ pé ọ̀wọ́ nọ́ńbà kan ń lọ sí iye kan (ε ni àlàfo kékeré tó ju 0 lọ tí a yàn, N ni ipò tí gbogbo nọ́ńbà tó tẹ̀lé e kò fi jìnnà sí iye náà tó ε), “fún ε kọ̀ọ̀kan, N kan wà” yàtọ̀ sí “N kan wà fún gbogbo ε.” Ẹni tó bá kọ ti ìkejì ti sọ pé 1/n (1, 1/2, 1/3...) kò lọ sí 0 bí n ṣe ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ó ń lọ síbẹ̀.