Ìgbọ̀nwọ́ Tó Dé Akoto

Mo tún ti rí fídíò ẹnì kan tó jókòó sẹ́yìn alùpùpù láàárọ̀ yìí, ìkẹfà lọ́sẹ̀ yìí nìyẹn. "Ìgbà àkọ́kọ́ mi lẹ́yìn máṣíìnì rèé o!" ló kọ sí i, ó wá to àwòrán iná mẹ́rin tẹ̀ lé e, ẹ̀yin náà ti mọ irú ẹ̀, ọwọ́ méjèèjì nà gbalaja bí ìyẹ́ àṣá, ẹnu là sílẹ̀, irun ń fẹ́ lẹ́lẹ́, orin ń lọ lábẹ́, ẹni tó ń wà á gan-an ò tiẹ̀ hàn, ẹ̀yìn ọrùn ẹ̀ nìkan la rí. Ó dáa, ó rẹwà. Mo tẹ láìkì, ẹ má rò pé mo lẹ́mìí burúkú.

Àmọ́ ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ akoto yẹn.

Akoto wà o, ẹ má purọ́ mọ́ wọn pé wọn ò ní akoto. Akoto gidi, tó ń dán yanranyanran, tí gíláàsì iwájú ẹ̀ dúdú kirikiri. Ìgbọ̀nwọ́ ló dé e sí. Ó ki apá bọ̀ ọ́, ó gbé e kọ́ bí ẹni gbé báàgì lọ òde, nígbà tó wá na apá bí àṣá, apá kan wúwo ju ìkejì lọ, àṣá náà wá ń fò lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Mo rò ó títí. Mo ní bóyá èmi lọ̀rọ̀ ti fò lórí, bóyá àwọn dókítà ti rí nǹkan tuntun tẹ́nì kankan ò sọ fún mi, pé ọpọlọ ọmọ aráyé ti kó kúrò lágbárí, ó ti gba ilé sí ìgbọ̀nwọ́. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ṣe ló yẹ ká tún gbogbo ọ̀rọ̀ ẹnu wa tò. Ìgbọ̀nwọ́ mi gbè mí o. Ìgbọ̀nwọ́ ẹ ò ní burú láṣẹ Èdùmàrè. Ẹni tó bá rí iṣẹ́ olówó gidi, onígbọ̀nwọ́ ire ni. Ẹni tọ́mọ ẹ̀ bá fìdí rẹmi nínú ìdánwò, kó ká ọwọ́ lé ìgbọ̀nwọ́ kó máa ké. Ìgbọ̀nwọ́ bíbẹ́ kọ́ loògùn ìgbọ̀nwọ́ fífọ́. Kí gbogbo fìlà náà ṣáà máa bọ̀ nísàlẹ̀, kí wọ́n wá bá wa ní apá, ká wọ̀n ọ́n ká mọ nọ́ńbà tó ń gbà wá.

Ká má tan ara wa, wọn ò fẹ́ kí irun bàjẹ́ ni. Ẹ sọ bẹ́ẹ̀ ká mọ̀.

Dókítà kan wà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Hugh Cairns lorúkọ ẹ̀, iṣẹ́ abẹ ọpọlọ ló ń ṣe. Ní May 1935 ó wà lára àwọn tó tọ́jú T. E. Lawrence, jagunjagun tí òkìkí ẹ̀ kàn nígbà yẹn, tó ṣubú lórí alùpùpù láìdé nǹkan kan sórí, ọjọ́ kẹfà ló kú. Ọ̀rọ̀ náà ò kúrò lọ́kàn dókítà yìí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí ọ̀rọ̀ àwọn sójà tó ń fi máṣíìnì jíṣẹ́, bí wọ́n ṣe ń fi orí gbálẹ̀, nígbà tó sì fi máa di 1941 ó ti gbé ohun tó rí jáde, ọdún yẹn náà ni wọ́n sọ akoto di dandan fáwọn sójà ọ̀hún. Orí ló ń kà látọjọ́ yìí o. Bàbá náà ò ka ìgbọ̀nwọ́ kankan. Àwọn tó kó oríṣiríṣi ìwádìí jọ lẹ́yìn ẹ̀ náà sọ pé akoto ń dín ewu ikú kù ní nǹkan bí ìdá 42 nínú 100, ó sì ń dín ewu kórí fara pa kù ní ìdá 69. Ẹ bá mi wá ti ìgbọ̀nwọ́ níbẹ̀.

Inú ti wá ń bí mi báyìí, ẹ má bínú, torí kì í ṣe akoto nìkan. Ta ni ẹni inú fídíò yẹn tiẹ̀ dì mú nígbà tó na ọwọ́ méjèèjì yẹn? Kò dì mọ́ ẹni tó gbé e, kò di irin ẹ̀yìn mú, sílípáàsì ló wà lẹ́sẹ̀ ẹ̀, tí onítọ̀hún bá ṣèèṣì tẹ bíréèkì wẹ́rẹ́ báyìí, iwájú ló ń bọ̀ gbìì, tó bá sì rán iná sí i, ẹ̀yìn ló ń lọ. Wọ́n ní ẹni a gbé pọ̀n kì í mọ̀ pé ọ̀nà jìn, òótọ́ ni, àmọ́ máṣíìnì kì í ṣe ẹ̀yìn ìyá ẹnì kankan. Èrò ẹ̀yìn níṣẹ́! Tí máṣíìnì bá dà sí òsì ní kọ́nà, ìwọ náà á bá a dà, wàá gba orí èjìká òsì ẹni tó ń wà á wo iwájú, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Tó o bá dúró ṣánṣán bí òpó, tàbí tó o dà sódì, ṣe lo mú kó nira fún un láti rí kọ́nà yẹn gbà, ó lè gba ibi tí kò fẹ́ lọ.

Mo mọ̀ ọ́n torí mo ti ṣe é. Ẹ̀gbọ́n kan ló gbé mi nígbà tèmi. Ká tó gbéra, ó mú mi dúró bí ọmọ iléèwé, ó ní apá òsì ni kí n ti gùn ún, kí n fọwọ́ kàn án léjìká kí n tó gùn, kí n má gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí irin títí òun á fi ní kí n sọ̀. Láyé ìgbà yẹn, wọ́n máa ń bá èèyàn sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó gbé e, lónìí ibi tí oòrùn ti ń tan síni lójú ni wọ́n ń wá. Ó ṣáà sọ ọ́. Mi ò gbọ́. Akoto tí wọ́n yá mi tóbi, ó ń yí lórí mi, ìgbà míì inú ẹ̀ ni mò ń wò dípò títì, àmọ́ orí ló wà. Nígbà tá a dé kọ́nà, mo rí i tí ilẹ̀ ń sún mọ́ wa lápá òsì, mo ṣe bí ọlọ́gbọ́n, mo fi gbogbo ara da ara mi sí ọ̀tún. Ó gbá a dúró. Ó ní, "Ṣé o fẹ́ pa wá ni?" Mo fi ìbínú sọ̀ kalẹ̀, apá ọ̀tún ni mo gbà sọ̀, níbi tí sálẹ́ńsà wà, àpá ẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ mi dòní. Mi ò tíì dárí jì í. Kì í ṣe torí ariwo tó pa mọ́ mi o. Ẹni tí mo tìtorí ẹ̀ gun máṣíìnì ọ̀hún, kó lè rí mi, ló dúró lódìkejì títì tó ń wo gbogbo ẹ̀.

Ẹ wò ó, nígbà tí Gottlieb Daimler àti Wilhelm Maybach ṣe alùpùpù wọn ní Jámánì lọ́dún 1885, ìjókòó ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n ṣe sí i, wọ́n tún fi táyà kékeré méjì tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo ń rò ó pé àwọn yẹn ti rí fídíò yín tẹ́lẹ̀.

Àbúrò mi obìnrin ló pè mí lánàá, ó ní ẹnì kan fẹ́ gbé òun jáde lórí máṣíìnì, òun ò gùn ún rí, ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́ ẹ yá mi ní akoto yín. Inú mi dùn débi pé mo nù ún dán, mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń de okùn ẹ̀ lábẹ́ àgbọ̀n, mo ní kó mi orí ẹ̀ kí n rí i bóyá ó ń yí. Kò yí. Nírọ̀lẹ́, ó fi fọ́tò ránṣẹ́. Akoto mi nìyẹn, ó jókòó sí ìgbọ̀nwọ́ ọ̀tún ẹ̀ pẹ́kípẹ́kí, ti ẹni tó gbé e wà ní ti òsì.