Ta ló ń jókòó sí mítìnì nígbà tí wọ́n ń ṣètò àdúgbò wa?

Ẹ jẹ́ n sọ tinú mi o. Ọ̀rọ̀ "a gbọ́ ohùn aráàlú" tí ìjọba máa ń sọ yìí ti ń sú mi. Wọ́n á ta kánópì, wọ́n á pe kábíyèsí, alága kánsù á jókòó síwájú, wọ́n á ya fọ́tò, ó parí nìyẹn. Kóńtírátọ̀ ti gba owó àkọ́kọ́ tipẹ́, ibi tí gọ́tà máa gbà ti wà nínú ìwé, kò sẹ́ni tó bi ìyá tó ń tà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì pé tójò bá rọ̀, níbo lomi ti ń ya wọlé. Bẹ́ẹ̀ ojoojúmọ́ ayé ló ń jókòó síbẹ̀.

Ìdí tí mo fi fẹ́ràn CSDP nìyẹn (Community and Social Development Project), iṣẹ́ ìdàgbàsókè ìlú tí Báńkì Àgbáyé kọ́wọ́ tì lẹ́yìn, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2009 tó sì ti parí báyìí, ó dé Ọ̀ṣun, ó dé Èkìtì. Nígbà yẹn, aráàlú fúnra wọn ló ń jókòó sọ nǹkan tí wọ́n fẹ́, ì báà ṣe omi, ì báà ṣe afárá àbí ilé ìwòsàn, wọ́n á yan ìgbìmọ̀ tó máa bójú tó iṣẹ́ náà láàárín ara wọn, àwọn náà á sì mú 10% wá nínú owó iṣẹ́, tí ò bá sówó lọ́wọ́ wọ́n lè fi yanrìn tàbí iṣẹ́ ọwọ́ dí i. Àwọn kan ní ìrẹ́jẹ ni, pé kí ló dé tí tálákà á tún dáwó sí ẹ̀tọ́ ẹ̀. Mo gbọ́, kò burú. Ṣùgbọ́n ẹni tó forí ru yanrìn bọhóòlù, tí pọ́ńpù bá dákẹ́, òun ló máa kọ́kọ́ pariwo! Èyí tí olóṣèlú kàn wá gbẹ́ sílẹ̀ nítorí ìbò ńkọ́? Ewúrẹ́ ló ń sùn síbẹ̀.

Ẹ tún wo Makoko. Oṣù keje 2012, 72 wákàtí péré nìjọba Èkó fún àwọn tó ń gbé lórí omi kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í wó ilé wọn. Àwọn Ègùn apẹja yẹn ò kàn jókòó sunkún o, àwọn pẹ̀lú àwọn ajàfẹ́tọ̀ọ́ àtàwọn tó mọ̀ nípa ètò ìlú jọ ṣètò tiwọn fún Makoko àti Ìwáyà, pé kí wọ́n tún ibẹ̀ ṣe níbi tó wà, wọ́n sì gbé e fún ìjọba ní 2014. Ẹni tí wọ́n ní kò kàwé ló ṣe bẹ́ẹ̀ yẹn.

Àmọ́ àwa náà ò mọ́ sha. Ọ̀pọ̀ CDA, ìyẹn ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò, l'Ékòó, mítìnì láńlọ́ọ̀dù ni. Àwọn ayálégbé ló pọ̀ jù ládùúgbò, àwọn ló ń san owó tírásfọ́mà, owó géètì, owó ọlọ́dẹ, tó bá wá kan ká pinnu nǹkan, wọ́n á ní "ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa kó lọ lọ́la". Obìnrin ńkọ́? Wọ́n á ní kó lọ pín mínírà. Mítìnì sì máa ń bọ́ sí àkókò táwọn ọ̀dọ́ wà níbi iṣẹ́, wọ́n á wá ní ọ̀dọ́ ò kì í wá.

Tèmi ni pé kí wọ́n fi ayálégbé méjì mẹ́ta sínú ìgbìmọ̀, obìnrin náà kó wà níbẹ̀, kí wọ́n sì lẹ iye owó iṣẹ́ mọ́ ògiri ọjà kí gbogbo ayé rí i. Àdúgbò tiyín ńkọ́, ṣé wọ́n ń jẹ́ kí ayálégbé sọ̀rọ̀?