Òkúta Ààyè Kì Í Sọ Táńkì Di Òkun Lọ́jọ́ Kan

Láàárín àwọn tí ń sin ẹja ọ̀ṣọ́ ní Ìbàdàn, ìmọ̀ràn kan wà tí kì í pẹ́ dé etí ẹni tó bá fẹ́ kúrò lórí ẹja odò bọ́ sórí ẹja òkun àti iyùn. Wọn yóò ní kí ó ra òkúta ààyè, èyí tí àwọn oníṣòwò ń pè ní live rock, kí ó po omi oníyọ̀, kí ó kó òkúta náà sínú táńkì, kí ó sì da ẹja sí i lọ́jọ́ kan náà, nítorí pé òkúta ti gbé gbogbo ohun tí táńkì nílò wá láti inú òkun. Ìmọ̀ràn náà kì í ṣe irọ́ láti òkè délẹ̀, ìdí nìyẹn tí ó fi ṣòro láti fà tu. Ó lè sún mọ́ òótọ́ fún òkúta tí ó jáde nínú òkun láàárọ̀ yìí. Fún òkúta tí ó ti rìn dé Ìbàdàn, kì í ṣe òótọ́, ẹja ni ó sì máa ń jìyà rẹ̀.

Òkúta náà fúnra rẹ̀ kò ní ẹ̀mí. Egungun iyùn tó ti kú ni, kálísíọ̀mù kábónéètì ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀, ihò wẹ́wẹ́ sì kún inú rẹ̀. Àwọn tó fi í ṣe ilé ni wọ́n wà láàyè: bakitéríà, ewédò aláwọ̀ àlùkò tó lẹ̀ mọ́ ojú rẹ̀, kànìnkànìn òkun, ekòló, ìgbín kéékèèké, àti akàn àti edé tí ojú kò tètè ń rí. Nítorí bakitéríà ni a ṣe ń wá òkúta náà. Ẹja ń tú ámóníà jáde lára, oúnjẹ tó bá sì jẹrà nínú omi ń di ámóníà pẹ̀lú, májèlé sì ni. Ìsọ̀rí bakitéríà kan ń sọ ámóníà di náítráìtì, ìsọ̀rí kejì ń sọ náítráìtì di náítréètì, tí ewu rẹ̀ kéré púpọ̀. Sergei Winogradsky, ọmọ Rọ́ṣíà, ni ó kọ́kọ́ ya irú àwọn bakitéríà bẹ́ẹ̀ sọ́tọ̀ ní nǹkan bí ọdún 1890. Ní ìsàlẹ̀ ihò òkúta, níbi tí ọ́síjìn kò ti tó, ìsọ̀rí mìíràn tún wà tí ń sọ náítréètì di gáàsì náítírójìn, tí yóò sì bá afẹ́fẹ́ lọ. Ìdí nìyẹn tí òkúta tó kún fún ihò fi níyì ju èyí tó dì gbagidi lọ.

Ní ọdún 1961, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Lee Chin Eng, tó ń gbé ní Indonéṣíà, kọ̀wé sí àwọn olùsìn ẹja pé òkúta ààyè, omi òkun àti afẹ́fẹ́ tí ń hó wọ́ọ́rọ́wọ́ nínú omi ti tó láti gbé ẹja àti iyùn ró nínú táńkì. Ní àwọn ọdún 1980, àwọn ará Berlin ní Jámánì so òkúta ààyè mọ́ skimmer, ẹ̀rọ tí ń fi ìfófòó kó ìdọ̀tí kúrò nínú omi, ọ̀nà náà sì ń jẹ́ orúkọ ìlú wọn títí di òní. Láti ibẹ̀ ni ìgbàgbọ́ nínú òkúta ti tàn kálẹ̀. Ohun tí ó jábọ́ lọ́nà ni pé òkun tí iyùn wà nínú rẹ̀ kò jìnnà sí Lee Chin Eng, ó sì jìnnà sí wa.

Ẹ jẹ́ kí a tọ ipa ọ̀nà òkúta náà. Láti òkè òkun tí ó ti ń wá, inú páálí ni wọ́n máa ń kó o sí, tí wọn yóò fi ìwé ìròyìn tí a rẹ sómi wé e, láìsí omi nínú páálí, nítorí pé ìwúwo omi yóò sọ owó ọkọ̀ òfurufú di ohun tí apá kò ká. Ó lè tó wákàtí 48 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ó tó kúrò lọ́wọ́ àwọn aṣọ́bodè ní pápákọ̀ òfurufú Èkó, kí ó tó tún wọ ọkọ̀ ní márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, tó ju kìlómítà 100 lọ, nínú ooru. Púpọ̀ nínú bakitéríà inú ihò òkúta lè fara da èyí bí òkúta kò bá gbẹ. Àwọn ẹranko ara rẹ̀ ni kì í fara dà á. Kànìnkànìn òkun, fún àpẹẹrẹ, kì í sábà yè é bí afẹ́fẹ́ bá wọ inú ihò ara rẹ̀. Nígbà tí a bá wá kó òkúta yìí sínú táńkì tuntun, òkú ni a kó wọlé, òkú náà yóò sì jẹrà, ámóníà yóò sì jáde lára rẹ̀. Ohun tí wọ́n ní yóò gbà wá lọ́wọ́ ámóníà ni ó ń tú u sínú omi.

Ẹlòmíràn yóò sọ pé bakitéríà tó yè yóò jẹ ámóníà náà tán. Yóò jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe lọ́jọ́ náà. Bakitéríà tí ń jẹ òkú lè pọ̀ ní ìlọ́po méjì láàárín wákàtí kan tàbí kí ó má tó bẹ́ẹ̀. Èyí tí ń jẹ ámóníà lè lo odindi ọjọ́ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ó tó ṣe irú rẹ̀. Ìjẹrà ni yóò kọ́kọ́ síwájú, ìfọ̀mọ́ yóò sì máa wọ́ tẹ̀lé e fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

Imú pàápàá lè jẹ́rìí. Òkúta tó yè ń rùn bí etíkun, ìwọ̀nba. Bí páálí bá ṣí tí òórùn ẹyin jíjẹrà sì bo yàrá, gáàsì tí ń jáde níbi tí ọ́síjìn ti tán tí nǹkan sì ń jẹrà ni, ẹnikẹ́ni tó bá sọ pé bí òkun ṣe ń rùn nìyẹn ń wá bí yóò ṣe ta ọjà rẹ̀ ni.

Àwọn tí ń sin ẹja àrọ̀ ní Ìbàdàn pọ̀, wọ́n sì mọ ámóníà dáadáa, síbẹ̀ ìmọ̀ wọn lè ṣì wọ́n lọ́nà níhìn-ín. Oríṣi méjì ni ámóníà pín sí nínú omi, ọ̀kan le, èkejì kò le tó bẹ́ẹ̀. Bí pH, òǹkà tí a fi ń mọ bí omi ṣe kan sí, bá ṣe ń ga (tí omi kò kan mọ́) ni oríṣi tó le ń pọ̀ sí i, tó bẹ́ẹ̀ tí ó jẹ́ pé bí pH bá fi 1 ga sí i, ìpín oríṣi tó le náà yóò di nǹkan bí ìlọ́po 10. Omi adágún ẹja àrọ̀ lè wà ní nǹkan bí 7, nígbà tí táńkì iyùn yẹ kí ó wà láàárín 8.1 sí 8.4. Ẹja àrọ̀ sì ní ẹ̀yà ara tí ó fi ń mí afẹ́fẹ́ òkè omi. Ẹja òkun tí a ń sọ yìí kò ní in.

Nígbà mìíràn, ẹni tí owó òkúta ààyè bá wọ̀ lọ́rùn yóò ní kí wọ́n bá òun kó òkúta etíkun wá láti Èkó, pé òkun kan náà ni. Kì í ṣe òkun kan náà. Kò sí òkìtì iyùn gidi ní etíkun Nàìjíríà, nítorí ẹrẹ̀ àti omi odò tí ń ya wọ inú òkun níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ òkúta ńláńlá tí a ń rí níbẹ̀ jẹ́ gíránáìtì tí wọ́n fọ́ láti orí ilẹ̀ láti fi dènà ìgbì, ọmọ ìyá èyí tí ó wà lábẹ́ ilé wa ní Ìbàdàn, kò sì ní ihò tí bakitéríà lè wọ̀. Òkúta Ewékorò, tí wọ́n fi ń ṣe sìmẹ́ǹtì, jáde láti inú òkun lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ọdún ti kọjá láti ìgbà náà.

Ohun tí ó yẹ kí a ṣe sí òkúta tó ti ọ̀nà jíjìn dé ni kí a tọ́jú rẹ̀ níta táńkì. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì ha gbogbo ohun tó ti kú tàbí tó ń yọ̀ kúrò lára rẹ̀, kí ẹ sì kó o sínú dúrọ́ọ̀mù oníke tí omi oníyọ̀ wà nínú rẹ̀, kí iyọ̀ náà tó gíráàmù 35 nínú kìlógíráàmù omi kan, kí ooru rẹ̀ wà láàárín ìwọ̀n 24 sí 27 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì, kí pọ́ǹpù máa yí omi náà láìdúró, kí ìmọ́lẹ̀ má sì pọ̀ níbẹ̀. Ẹ máa pààrọ̀ omi, ẹ sì máa fi ohun èlò ìdánwò yẹ̀ ẹ́ wò títí ámóníà àti náítráìtì yóò fi dúró sórí òdo. Ọ̀sẹ̀ 2 sí 6 ni ó sábà máa ń gbà. Omi ẹ̀rọ tó ti Àṣejírẹ́ tàbí Èlẹ́yẹlé wá lè ní kílórínì tí ń pa bakitéríà, omi kànga sì lè ti ní náítréètì nínú tẹ́lẹ̀, nítorí náà omi tí a sẹ́ dáadáa ni kí ẹ fi po iyọ̀. Nígbà ọyẹ́, omi yóò máa fà, iyọ̀ kì í sì í fà pẹ̀lú rẹ̀. Omi lásán ni kí ẹ fi dí i.

Iná mànàmáná ni ó yẹ kí a bẹ̀rù jù níhìn-ín. Bakitéríà tí ń jẹ ámóníà kò lè ṣiṣẹ́ láìsí ọ́síjìn. Bí iná bá lọ lóru tí pọ́ǹpù sì dúró títí ilẹ̀ fi mọ́, òkúta tí ẹ ti tọ́jú fún oṣù kan lè tún bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà. Pọ́ǹpù afẹ́fẹ́ kékeré tí ń lo bátìrì kò wọ́n tó òkúta.

Ìgbàgbọ́ kejì, pé láìsí òkúta ààyè kò sí táńkì iyùn, kò gba àlàyé púpọ̀. Amẹ́ríkà ti fòpin sí kíkó òkúta àdáyébá nínú òkun Florida láti àwọn ọdún 1990, àdéhùn CITES, èyí tí àwọn orílẹ̀-èdè fi ń ṣọ́ òwò ẹranko àti ewéko tó wà nínú ewu, tí Nàìjíríà wà nínú rẹ̀, sì ń béèrè ìwé àṣẹ kí òkúta iyùn tó kọjá ẹnubodè. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kárí ayé ń fi òkúta gbígbẹ bẹ̀rẹ̀, tí wọn yóò fi bakitéríà inú ìgò sí i. Ó pẹ́ díẹ̀, ewédò burúkú sì máa ń bo ojú rẹ̀ ní oṣù àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n Aiptasia, ẹranko òkun kékeré kan tó dà bí òdòdó tí ó sì ń ta iyùn, àti àwọn edé aṣọdẹ tí ń fara pamọ́ sínú òkúta ààyè kì í bá a wọlé.

Fún ará Ìbàdàn, òkúta gbígbẹ ni mo fara mọ́, pẹ̀lú èyí tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ láti inú táńkì ẹni tí tirẹ̀ ti dàgbà ní ìlú yìí kan náà, kí a gbé e nínú omi tirẹ̀ láti ilé dé ilé. Ẹ da ámóníà tó tó mílígíráàmù 2 nínú lítà kan sí táńkì, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn wákàtí 24. Bí ó bá ṣẹ́ kù, kò tíì yá. Bí ó bá ti tán, tí náítráìtì náà sì ti lọ, ẹja kékeré kan ṣoṣo ni kí ó kọ́kọ́ wọlé, kí ẹ sì fi ọ̀sẹ̀ kan yẹ ámóníà wò lójoojúmọ́ kí ẹ tó mú èkejì wá, nítorí pé ìwọ̀n oúnjẹ tí bakitéríà bá rí jẹ náà ni ó ń pọ̀ dé.