Ẹni Tí A Ṣe Lóore Tí Kò Dúpẹ́

Lọ́dọọdún, tó bá ti ń di oṣù kẹjọ sí ìkẹwàá, fọ́tò kan náà ni í gba orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹnì kan á gun pátákó tó wà lórí òkè Katahdin ní ìpínlẹ̀ Maine, á na ọwọ́ méjèèjì sókè, irùngbọ̀n á ti bo gbogbo àgbọ̀n rẹ̀. Ó ti fẹsẹ̀ rin Appalachian Trail, ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ tó gba inú igbó àti orí òkè ní Amẹ́ríkà, já láti òkè Springer ní Georgia: ìpínlẹ̀ 14, máìlì tó lé ní 2,190. Ó tó ohun tí à ń bá èèyàn yọ̀ sí. Àmọ́ ẹ ka ohun tó kọ sábẹ́ fọ́tò. Á dúpẹ́ lọ́wọ́ bàtà, á dúpẹ́ lọ́wọ́ báàgì, á dárúkọ ẹni tó fún un ní mínírà tútù létí títì. Tó bá wá kan ọ̀nà tó rìn gan-an, ẹjọ́ ló kù: igi wó dí ibi báyìí, wọn ò gé e, àtẹ̀gùn òkúta ga jù, ṣáláńgá ń rùn. Ta ni “wọn” tó ń bá wí?

Àwọn àgbà ní ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Ẹrù á lọ, olè ò sì ní yà kí wa pé ẹ ṣeun.

“Wọn” yìí kì í ṣe òṣìṣẹ́ tó ń gba owó oṣù. Láti ìgbà tí Benton MacKaye ti dá àbá ọ̀nà náà ní 1921, àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn ló ru èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ rẹ̀. Òótọ́ ni pé òfin 1968 sọ ọ́ di ọ̀nà gbogbo orílẹ̀-èdè, ìjọba ló sì ni ilẹ̀ tó pọ̀ jù níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ọgbọ̀n ẹgbẹ́ ló pín in mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Potomac Appalachian Trail Club nìkan, máìlì 240 ló wà níkàáwọ́ rẹ̀. Ẹgbẹ́ á tún gé tirẹ̀ kélekèle fún ọmọ ẹgbẹ́: ìwọ, mú máìlì méjì, ìwọ, mú mẹ́ta. Epo ọkọ̀ wọn, àpò ara wọn ni. Ọ̀wẹ̀ tí a mọ̀ nílé náà ni. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé nílé, ẹni tí kò bá jáde wá yẹ ọ̀nà oko, ẹgbẹ́ á bu owó ìtanràn lé e. Lọ́hùn-ún, kò sẹ́ni tó lè fipá mú ẹnikẹ́ni jáde.

Ẹ jẹ́ ká mú èyí tó kéré jù nínú iṣẹ́ náà, àmì funfun tó wà lára igi. Ìbú rẹ̀ ínǹṣì 2, gígùn rẹ̀ ínǹṣì 6. Ẹni tó ń kọjá kì í wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Kí ẹni tó kùn ún tó ti búrọ́ọ̀ṣì bọ ọ̀dà, ó ti ha èèpo igi náà títí tó fi tẹ́jú, síbẹ̀ kò gbọdọ̀ ha á kan awọ tútù abẹ́ èèpo, kí igi má baà gbọgbẹ́. Ọjọ́ tí ara igi bá gbẹ nìkan ló lè ṣe é, torí ọ̀dà kì í di èèpo tútù mú. Tó bá ṣe ojú kan tán, á tún wá ti òdìkejì, kí ẹni tó ń ti àríwá bọ̀ náà lè rí tirẹ̀. Níbi tí ọ̀nà bá ti yà, àmì méjì ni, ọ̀kan lórí èkejì. Ibi tí ti òkè bá fì sí ni kó o yà sí. Bí ọ̀dà bá ṣàn, wọ́n á ha èyí tó ṣàn kúrò. Nítorí kí ìwọ má sọnù nínú kùrukùru ni.

Ṣùgbọ́n omi ni ọ̀tá ọ̀nà. Ọ̀nà tó bá sọ̀ kalẹ̀ lára òkè gbọọrọ, òjò á fi ṣe ojú odò. Kò ní pẹ́ tí gbòǹgbò á fi yọ síta, òkúta á ṣí kúrò láyè rẹ̀, ojú ọ̀nà á jìn bíi kòtò. Ohun tí wọ́n fi ń gbà á là ni ìdábùú: wọ́n á gbẹ́ ilẹ̀, wọ́n á ri òkúta pẹlẹbẹ mọ́ ọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, èyí tó pọ̀ jù nínú òkúta kọ̀ọ̀kan á wà nínú ilẹ̀. Kò gbọdọ̀ dábùú ọ̀nà tààrà o. Ó gbọ́dọ̀ dagun tó digíríì 30 sí 45. Bó bá ṣe tààrà, omi á dúró síwájú rẹ̀, iyanrìn á kún ibẹ̀, òjò tó tẹ̀ lé e á gba orí rẹ̀ fò. Níparí ìdábùú ni wọ́n á ti la ojú omi jáde sínú igbó, kó fẹ̀ tó ẹnu ṣọ́bìrì méjì. Nígbà ìwọ́wé, ewé á dí i pa. Torí náà, ẹni tó ni máìlì yẹn á tún gbé ọkọ́ pa dà wá, á wa ewé àti ẹrẹ̀ síta. Lọ́dún tó ń bọ̀, á tún wá.

Lẹ́yìn gbogbo èyí ni ọlọ́gbọ́n kan á dé, òun ò fẹ́ gbẹ́sẹ̀ sókè ré òkúta kọjá, á gba ẹ̀gbẹ́ yí i ká. Èkejì á tọ ipasẹ̀ rẹ̀, ẹ̀kẹta á tẹ̀ lé e. Ojú ọ̀nà mìíràn ti là nìyẹn, ibẹ̀ náà ni omi á sì gbà. Ẹni tó ń gé kọ́nà orí òkè já kò yàtọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó ń sá fún ẹrẹ̀ tó wá ń fẹ ojú ọ̀nà títí yóò fi gbà mọ́tò. Ṣé ẹ wá rí i pé olè tí òwe ń wí kì í ṣe àfiwé lásán? Ilẹ̀ ló ń kó lọ, pẹ̀lú iṣẹ́ ọjọ́ Sátidé ẹni ẹlẹ́ni.

Àtẹ̀gùn tí wọ́n ní ó ga ńkọ́? Òkúta kan níbẹ̀ lè wúwo tó àpò sìmẹ́ǹtì méjì sí mẹ́rin. Dígà ni wọ́n fi ń yí i díẹ̀díẹ̀. Láti ìsàlẹ̀ ni wọ́n ti ń tò ó lọ sókè, kí iwájú ti òkè lè jókòó lé ẹ̀yìn ti ìsàlẹ̀. Òkúta wẹ́wẹ́ ni wọ́n ń fi òòlù gbá há àlàfo; wọn kì í fi iyẹ̀pẹ̀ dí i, torí omi á fọ̀ ọ́ jáde. Wọ́n á wá gun orí rẹ̀, wọ́n á máa fò lórí rẹ̀. Bó bá mì pẹ́ẹ́, wọ́n á hú u, wọ́n á tún un bẹ̀rẹ̀.

Igi tó wó sì nìyí. Àwọn igbó kan wà lójú ọ̀nà náà tí òfin 1964 kò gba ayùn ẹlẹ́ńjìnnì láyè níbẹ̀. Ayùn elénìyàn méjì ni wọ́n ń gbé léjìká wọ̀ ọ́. Fífà ni wọ́n ń fà á, wọn kì í tì í. Bí ẹnì kan bá tì í, irin á tẹ̀, á há. Bí igi bá sì ti ń fún ojú gígé pa, wọ́n á yára fi nǹkan há a, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ayùn ò ní í jáde. Ẹni tí kò gba ìwé ẹ̀rí kò gbọdọ̀ gé igi, ẹni tó sì máa gé e gbọ́dọ̀ mọ ìtọ́jú pàjáwìrì. Ìwọ tó fo igi náà kọjá láàárọ̀, ṣé o rò pé àwọn kan jókòó sábẹ́ igi kejì tí wọ́n ń dúró de ìpè rẹ?

A ti rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ bí ọwọ́ wọn bá kúrò níbẹ̀. Ní 1937 ni wọ́n la ọ̀nà yìí já látòkè délẹ̀. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni ìjì ńlá fọ́ apá New England, ogun àgbáyé sì kó àwọn ọ̀dọ́ lọ. Igbó gba ibẹ̀. Nígbà tí Earl Shaffer máa rìn ín já lẹ́ẹ̀kan náà ní 1948, ibi kan wà tí kò rí àmì kankan, àwòrán ilẹ̀ onímọ́tò ló ń wò. Ó di 1951 kí wọ́n tó so ó pọ̀. Ní oṣù kẹsàn-án 2024, ìjì Helene tún dé: igi wó lura bí ìgbálẹ̀ tó tú, omi sì gbé afárá tí ọ̀nà náà gbà kọjá odò Nolichucky lẹ́bàá Erwin, ní Tennessee, lọ. Àwọn wo ló mú ayùn jáde? Ẹ̀yin náà mọ̀ wọ́n báyìí.

Àṣesílẹ̀ làbọ̀wábá, ẹni tó yàgbẹ́ sọ́nà, eṣinṣin ni yóò bá nígbà tó bá ń bọ̀. Lójú ọ̀nà yìí, òwe náà kò ní ìtumọ̀ mìíràn, bí wọ́n ṣe pa á gan-an ló rí. Ṣáláńgá ibẹ̀, afẹ́fẹ́ àti kòkòrò ilẹ̀ ló ń sọ ìgbẹ́ di iyẹ̀pẹ̀. Ẹ̀kúnwọ́ èérún igi kan ni wọ́n ní kó o dà sí i tó o bá tán. Kàkà bẹ́ẹ̀, ọ̀rá bisikíìtì ni wọ́n ń jù sí i, ìnudìí tí kì í jẹrà, ìrẹsì tó ṣẹ́kù. Ó ń rùn, o ní ó ń rùn! Ènìyàn bíi tìẹ, ọmọ ọlọ́mọ, ló ń fi ìbọ̀wọ́ yọ gbogbo rẹ̀ jáde, tó ń gbé e sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè. Níbi tí kò bá sì sí ṣáláńgá, gbẹ́ ihò ínǹṣì 6 sí 8, kó jìnnà sí omi àti ọ̀nà ní 200 ẹsẹ̀ bàtà, kó o sì bò ó. Ológbò ń ṣe é, kò lọ síléèwé.

Ọmọ Yorùbá kì í kọjá lára ẹni tó ń ṣiṣẹ́ láìsọ pé ẹ kú iṣẹ́. Ẹ yọ nǹkan tí ẹ fi dí etí, ẹ kí wọn. Bí wọ́n bá ní kí ẹ dúró, ẹ dúró, òkúta ń yí bọ̀ ni. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Atlanta àti Maryland pàápàá, ọ̀nà yìí kò jìnnà sí yín, ẹgbẹ́ tó ni apá ọ̀dọ̀ yín sì ń pe èèyàn jáde. Wọ́n á yá yín ní akoto, wọ́n á yá yín ní dígà. Ẹ lọ yí òkúta kan ṣoṣo dé àyè rẹ̀, kí ẹ tó tún yanu sọ fún ẹnikẹ́ni pé àtẹ̀gùn ga.