Ṣé jéró nìkan tó fún ẹyẹ tó ń jẹ ọkà?

"Ẹyẹ ọkà ni, ọkà ló máa jẹ." Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń sin zebra finch, ẹyẹ kékeré kan, nínú kéèjì ṣe máa ń dáhùn bí ẹ bá bi wọ́n ní ohun tí ẹyẹ wọn ń jẹ. Jéró nínú abọ́, omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó parí. Bí ẹyẹ bá kú, wọ́n á ní òtútù ló pa á, tàbí pé irú rẹ̀ kì í pẹ́ láyé. Irọ́ ni. Púpọ̀ nínú wọn, abọ́ wọn kún nígbà tí àìtó oúnjẹ pa wọ́n.

Lóòótọ́, èso koríko ni ẹyẹ yìí ń jẹ jù ní Ọsirélíà, ilẹ̀ baba rẹ̀. Àmọ́ koríko oríṣiríṣi ni, òmíràn ò tíì gbó, omi ṣì wà lára rẹ̀. Ó ń ṣa kòkòrò wẹ́wẹ́ mọ́ ọn, oòrùn sì ń pa á lójoojúmọ́. Jéró gbígbẹ inú ọ̀rá ò lè rọ́pò gbogbo ìyẹn. Ó ń fúnni lókun, kò sẹ́ni tó jiyàn, ṣùgbọ́n fítámínì A ò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí nínú rẹ̀, kálísíọ́mù kéré, fọ́sífọ́rọ́sì sì pọ̀ débi pé kì í jẹ́ kí ara rí ìwọ̀nba kálísíọ́mù náà lò.

Ohun tó jẹ́ kí irọ́ yìí fẹsẹ̀ múlẹ̀ ni pé akọ lè jẹ jéró títí kí nǹkan kan má hàn lára rẹ̀. Abo ni ìyà ń kọ́kọ́ jẹ. Kálísíọ́mù ló fi ń ṣe èèpo ẹyin. Bí kò bá rí i nínú oúnjẹ, inú egungun ara rẹ̀ ni yóò ti yọ ọ́. Nígbà tí ìyẹn náà bá tán, iṣan tó yẹ kó ti ẹyin jáde á rọ, ẹyin á há. Ẹ máa rí i nílẹ̀ kéèjì, ìyẹ́ rẹ̀ á wú, ìrù rẹ̀ á máa lọ sókè sódò bó ṣe ń mí. Ẹ má fọwọ́ fún ẹyin náà jáde o! Bí ẹyin bá fọ́ sínú, ó lè pa á. Inú páálí kékeré tó móoru ni kẹ́ ẹ gbé e sí, kẹ́ ẹ sì dé ọ̀dọ̀ dókítà ẹranko lọ́jọ́ náà gan-an, torí ó ṣeé ṣe kó nílò abẹ́rẹ́ kálísíọ́mù.

Àwọn kan ti gbọ́ pé ọkà ò tó, wọ́n wá ra fítámínì oníyẹ̀fun, wọ́n bù ú sórí jéró. Ẹ jókòó ti kéèjì kẹ́ ẹ wo ẹyẹ náà dáadáa: á ṣa ẹyọ kan, á yí i lẹ́nu, á bó èèpo rẹ̀ dànù, á gbé ọmọ inú rẹ̀ mì. Ara èèpo tó bọ́ sílẹ̀ yẹn ni owó yín wà. Èèpo yìí kan náà ló ń mú kí abọ́ tó ti ṣófo dà bí èyí tó kún. Ẹ fẹnu fẹ́ ẹ wò láràárọ̀. Ní ti fítámínì tí wọ́n ń kán sómi, mi ò náwó lé e. Ẹyẹ ilẹ̀ gbígbẹ ni zebra finch, omi díẹ̀ ló ń mu, fítámínì tó bá sì wà nínú omi nínú ìmọ́lẹ̀ kì í pẹ́ bà jẹ́.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ pé oúnjẹ ló fà á? Ojú lásán ò tó, torí ẹyẹ tó wú ìyẹ́ á dà bíi pé ó sanra. Ẹ mú un lọ́wọ́, kẹ́ ẹ fìka kan egungun àyà rẹ̀. Bó bá mú bí ọ̀bẹ, ẹyẹ ti rù nìyẹn. Ṣùgbọ́n aràn àti àrùn àkóràn náà ń mú ẹyẹ rù. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ò sì rọrùn: ẹyẹ tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi gíráàmù 12, ẹ̀kán méjì ẹ̀jẹ̀ péré lèèyàn lè gbà lára rẹ̀ láìséwu. Ìdí nìyẹn tí dókítà tó mọṣẹ́ fi máa ń bẹ̀rẹ̀ látorí ìgbẹ́ ẹyẹ àti ohun tó ń jẹ. Ẹ má purọ́ fún un.

Fún kálísíọ́mù, ẹ so egungun funfun pẹlẹbẹ ti cuttlefish, ẹran inú òkun kan, mọ́ kéèjì, tàbí kẹ́ ẹ yan èèpo ẹyin adìẹ, kẹ́ ẹ lọ̀ ọ́. Bí abo bá ń yé, ẹ fi ẹyin sísè díẹ̀ kún un, kẹ́ ẹ sì kó èyí tó kù kúrò kó tó bà jẹ́. Kárọ́ọ̀tì tí wọ́n rin àti ewé tútù ló wà fún fítámínì A. Tẹ̀tẹ̀ dára, àmọ́ kì í ṣe lójoojúmọ́, torí ó máa ń dè kálísíọ́mù mọ́lẹ̀. Píà (avocado) ńkọ́? Rárá o, májèlé ni fún ẹyẹ.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní London, kéèjì tó wà lẹ́yìn gíláàsì fèrèsé ò rí oòrùn tó ń ṣe fítámínì D3, bẹ́ẹ̀ kálísíọ́mù ò wúlò láìsí i. Iná UVB, ìyẹn iná tó ń tan irú ìtànṣán oòrùn bẹ́ẹ̀, tí wọ́n ṣe fún ẹyẹ lè ràn yín lọ́wọ́. Bí ẹ bá fẹ́ lo D3 fúnra rẹ̀, dókítà ni kó wọ̀n ọ́n. Àpọ̀jù rẹ̀ ń ba kíndìnrín jẹ́.

Ẹyẹ tó dàgbà sórí jéró lè má mọ̀ pé oúnjẹ ni kárọ́ọ̀tì. Ẹ má febi kọ́ ọ, torí ẹyẹ tó kéré báyìí lè kú bí kò bá jẹun fún ọjọ́ kan. Ẹ fi jéró rẹ̀ sílẹ̀, kẹ́ ẹ gbé oúnjẹ tuntun síwájú rẹ̀ láàárọ̀ kùtù nígbà tí ebi ń pa á jù, kẹ́ ẹ sì máa fi kún un díẹ̀díẹ̀.